Kọ́kọ́rọ́ Àwọ̀ Àlàájì

Òórùn ọ̀dà kì í tètè kúrò lára aṣọ. Títí di òní, bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kùn lọ́wọ́, Oregun ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ilé iṣẹ́ ọ̀dà kékeré kan tó wà láàárín ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá méjì, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì gbà pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe fún ọmọ aráyé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì ni. Kí n tó dé Oregun, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń bá àwọn èèyàn tún láptọ́ọ̀pù wọn ṣe, tí mo sì ń dá oníbàárà lóhùn bíi pé èmi ni mo bí ẹ̀rọ náà. Ẹnu mi mú nígbà yẹn, mi ò ní parọ́. Èèyàn á béèrè ọ̀rọ̀ kan, màá fi ogún dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni Àlàájì ti bá mi pàdé, tí wọ́n sì gbà mí síṣẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájì, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ kì í kúrò lábẹ́ èékánná wọn. Àwọn ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọ̀dà náà sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń po gbogbo àwọ̀ tó ń jáde níbẹ̀. Pupa kan wà tí àwọn akunlé láti Ìkẹjà títí dé Agége ń pè ní pupa Àlàájì. Àwọn alápatà Oko Ọba fẹ́ràn láti fi kun ìsàlẹ̀ ògiri wọn, torí pé ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ẹrẹ̀ kì í tètè hàn lára rẹ̀. Ẹ lè rí pupa rà níbikíbi, ṣùgbọ́n irú ìyẹn, Oregun nìkan lẹ ti máa rí i. Ẹnì kan tó kọ́ kẹ́mísírì ti bá Àlàájì ṣiṣẹ́ rí. Ó rọra da ìwọ̀n àwọ̀ bíi mélòó kan kọ, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀dà tirẹ̀ fi jáde sí ọjà. Láti ìgbà náà, Àlàájì ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn, wọ́n á wọn ìyẹ̀fun àwọ̀ lórí ìwọ̀n, wọ́n á gbé e jáde nínú garawa tó ní ìdérí, àwọn òṣìṣẹ́ á wá dà á sínú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú garawa náà àti bó ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣe ni pé kí n bá wọn ti gbogbo ìwọ̀n àwọ̀ náà mọ́ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ tán fúnra wọn, wọ́n sì ti rẹ àwọn ìwé àtijọ́ sínú omi títí gbogbo rẹ̀ fi di ògì. Mo gbé sọ́fútíwià tó ń ti fáìlì pa sórí kọ̀ǹpútà. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí a máa yí máòsì káàkiri láìní ètò, kí a sì máa tẹ ohunkóhun tó bá wù wá.

Àlàájì wò mí. "Ẹ̀ńjíníà, ṣé eré ọmọdé la wá ṣe ni?"

Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn bíi tíṣà. Mo ní kọ̀ǹpútà, òfin ló ń tẹ̀ lé. Ohun tó bá ṣe lónìí náà ló máa tún ṣe lọ́la. Bí ó bá dá kọ́kọ́rọ́ ṣe láti orí ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà mìíràn lè ronú bíi tirẹ̀, kó sì ṣe irú kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ èèyàn pé kó bá òun da nǹkan rú díẹ̀. Nínú rúdurùdu yẹn ló ti máa fa nọ́ńbà kan yọ, nọ́ńbà tó gùn débi pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa méfò rẹ̀, ayé á parẹ́ mọ́ ọn lójú. Àlàájì di máòsì mú, wọ́n sì ń yí i po, yí i po, bí ẹni ń po ọ̀dà. Mo ní, "Ẹ má pò ó dáadáa o, sà. Ẹ bà á jẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣòwò, kò sẹ́ni tó tíì bẹ àwọn pé kí àwọn ba nǹkan jẹ́ rí.

Lẹ́yìn náà wọ́n mú páasìwọọ̀dù kan, mo sì kọjú sí ògiri títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán. Mo ṣàlàyé pé páasìwọọ̀dù kọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Inú àpótí kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà ni kọ́kọ́rọ́ gangan wà, páasìwọọ̀dù ló ń ṣí àpótí náà. Bí wọ́n bá ti ṣí i, kọ̀ǹpútà á gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí, á máa fi ṣiṣẹ́. Bí iná bá ti kú, á gbàgbé rẹ̀ pátápátá, àfi kí wọ́n tún tẹ páasìwọọ̀dù. Nígbà tó yá, sọ́fútíwià náà kó àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó kan jáde sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí kò bára wọn tan rárá. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe tò, pé bí páasìwọọ̀dù bá sọnù lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nìkan ló lè tún kọ́kọ́rọ́ náà bí. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, wọ́n sì ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán. "Ìwọ náà ò ní ní in?"

"Rárá, sà. Ẹni tó ṣe sọ́fútíwià yìí gan-an ò ní in."

"Ta ló wá ní in?"

"Ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wọn nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń tún un sọ fún àwọn awakọ̀, wọ́n ń tún un sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì. Mo ní kí wọ́n má gbé bébà náà sí ọ́fíìsì, kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ ibi tó wà. Wọ́n ká bébà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Mo mọ ibi tí màá gbé e sí. Tí ó bá tó àkókò, wọ́n á mọ̀." Mi ò béèrè síwájú sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn, a kì í tọ pinpin rẹ̀.

Àkọ́bí Àlàájì ló ń bójú tó bí ọjà ṣe ń jáde ní ilé iṣẹ́. Bọ̀dá ni mo máa ń pè é. Ó ti kọ́ kéwú jìnnà ní Ìlọrin kó tó padà wá sí Èkó. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ṣòkòtò rẹ̀ kì í kọjá kókósẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tó jẹ́ pé tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Mi ò rí ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń fa ọ̀rọ̀ láàárín wọn ni tírà. Àlàájì, bíi ti àwọn àgbà Mùsùlùmí ìgbà tiwọn, ní tírà tí wọ́n fi awọ rán lókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n sì ní òmíràn nínú mọ́tò. Ọmọ wọn gbà pé ṣíríkì ni, pé ẹni tó bá gbé ara lé awọ tí èèyàn rán ti fi nǹkan mìíràn kún Ọlọ́run. Á rọra sọ pé, "Bàbá, Ọlọ́run nìkan tó." Bàbá á ní, "Mo gbọ́, Alfa. Lọ wo bóyá ọkọ̀ Ìjàyè ti kún." Èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlàájì ṣubú lórí àga nínú ọ́fíìsì, níwájú kọ̀ǹpútà. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n náà kú. Wọ́n gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Máníjà tó kù lẹ́yìn ṣe ohun tí èmi náà ì bá ṣe: ó kó gbogbo èèyàn jáde, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó ti géètì pa kí olè má baà lo àǹfààní ìdàrúdàpọ̀ náà. Ta ló máa bá a wí? Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wà ní ṣíṣí nígbà tí Àlàájì ṣubú, gbogbo ìwọ̀n àwọ̀ sì wà lójú rẹ̀ gbangba. Bí iná ṣe kú, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí, páasìwọọ̀dù ló ń béèrè.

Bọ̀dá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ò lè pẹ́ tán. Bí a ò bá rí ìwọ̀n àwọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ Bàbá ti kú nìyẹn."

"Mi ò lè ṣí i, Bọ̀dá."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

Háà, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ṣebí èmi ni mo ṣe é lóòótọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, sọ́dọ̀ àwọn tó máa ń fọ́nnu pé kò sí fóònù tí àwọn ò lè ṣí. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn. Àgbà kan nínú wọn ní kí n máa gbé e lọ sílé, pé ẹni tó bá sọ pé òun lè ṣí irú èyí fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni. Nígbà tí mò ń tà á fún Àlàájì, ohun tí mo fi polówó rẹ̀ gan-an nìyẹn.

A tú ilé àti ọ́fíìsì wá bébà tí Àlàájì kọ ọ̀rọ̀ sí, a ò rí i. Ó wá ku ìrètí kan ṣoṣo: kí ahọ́n Àlàájì sọ jí. Mo lọ kí wọn ní ọsibítù. Ojú wọn ṣì ń ríran kedere, ó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sínú bébà, níbo ló wà?" Ọwọ́ òsì wọn gbéra, ó rọra kọjá àyà, ó sì ń lu apá ọ̀tún, ó ń lù ú, ó ń lù ú. Apá ọ̀tún yẹn ni dírípù wà. Mo rò pé ó ń dùn wọ́n, mo sì sáré pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ jalabíà wọn sókè, ó tún abẹ́rẹ́ náà ṣe. Mo rí tírà kékeré kan tí wọ́n so mọ́ òkè apá wọn. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Bàbá arúgbó wo ni kò so nǹkan mọ́ apá? Àlàájì wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo èmi, wọ́n sì di ojú.

Ọmọ wọn náà rí i pé ọwọ́ wọn kì í kúrò níbi tírà yẹn. Òun ló ń sùn tì wọ́n, òun ló ń nu ara wọn. Ohun tó rò ni pé ẹnu ọ̀nà ikú ni bàbá òun wà, síbẹ̀ awọ ni wọ́n ń dì mú dípò Ọlọ́run. Ẹ̀rù bà á fún wọn. Ó gbààwẹ̀, ó ṣe àdúrà títí. Nígbà tó kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kan, ó fi abẹ gé okùn tírà náà, ó gbé e lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó sì dáná sun ún. Kò tú u wò. Ẹsẹ Kùránì ló sábà máa ń wà nínú tírà, a kì í sì í sọ ọ́ sí ààtàn. Sísun ni wọ́n ń sun ún. Nígbà tó padà wọlé, Àlàájì ń sunkún. Omi ń ṣàn láti ojú wọn wọ inú etí. Ó rò pé ẹkún ìrònúpìwàdà ni. Ó gbá wọn mọ́ra, ó ń pe kálímà sí wọn létí, òun náà ń sunkún ayọ̀.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún wa ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá ti jọ̀wọ́ gbogbo ẹ̀ fún Ọlọ́run." Àwọn òṣìṣẹ́ ní Àlùhámúdùlíláhì. Èmi náà ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Àlàájì fi kú. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀.

Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni bàbá arúgbó kan ti wọlé, ó ń fẹsẹ̀ kan tiro. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe nítòsí Oko Ọba, àwọn ni wọ́n sì máa ń rán tírà fún Àlàájì. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ló gbé wọn lọ sílé ní Ṣakí fún ìtọ́jú, ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́. Wọ́n kí ọmọ olóògbé kú ará fẹ́ra kù, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì fohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni mo wà, mo gbọ́.

"Èyí tí mo rán fún wọn kẹ́yìn, tó wà lápá, ẹ má jù ú nù o. Kò sí ẹsẹ Kùránì kankan nínú ẹ̀. Bébà kan tí wọ́n fi òyìnbó kọ ni. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ àwọn ni, pé kò sí olè tó máa ní ìgboyà láti já tírà gbà lápá àgbàlagbà. Wọ́n ní bí nǹkan bá ṣe àwọn, ìwọ ni kí n sọ fún."

Wọ́n ń pín ìrẹsì lọ́wọ́, ẹnì kan gbé abọ́ síwájú Bọ̀dá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní kí ni?" Bàbá aláwọ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Bọ̀dá dìde. Ó gba àárín àwọn alálejò kọjá, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá aláwọ wò mí, wọ́n ní, "Kí ni mo sọ tí kò dáa?" Omijé ló ń já bọ́ lójú mi sórí ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá jà fún ilé iṣẹ́ náà, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì bàbá rẹ̀, ó ń wọn ìyẹ̀fun, ó ń pò ó, ó ń fi í wé ara ògiri tí wọ́n ti kùn tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn á jọ ọ́ títí yóò fi gbẹ; bó bá gbẹ tán, á di àwọ̀ mìíràn. Àwọn akunlé ń dá garawa padà. Ọ̀kan tiẹ̀ bínú da tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fi orúkọ òkú tan àwọn jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà lọ. Nígbà tí mo máa fi tún gba Oregun kọjá, páálí ìndòmì ló kún ibi tí ẹ̀rọ ọ̀dà wà tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe títí di òní, ní ọ́fíìsì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Ìkẹjà. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń bá àwọn èèyàn ṣe, tí mò ń bá wọn ṣètò. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń ní kí oníbàárà pe ẹnì kan wá nínú ilé rẹ̀, kó jókòó tì wá. Àwọn mìíràn a máa bínú. Wọ́n á ní kí ló kan ìyàwó àwọn tàbí ọmọ àwọn nínú rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bínú tán.

Láìpẹ́ yìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Agége láti ra ọ̀dà fún ilé tí mò ń gbé, ta ni mo sì rí? Bọ̀dá ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ọ̀dà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń tà. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó ra mínírà tútù fún mi, ó ní kí n jókòó. A sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ ìlú, a sọ bí nǹkan ṣe wọ́n. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lọ́dọ̀ òun, pé òun ò lè tà á, òun ò sì lè jù ú nù. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti na ọrùn kí n tó gbọ́.

"Sísítà, nígbà tí mo gé tírà yẹn, tí wọ́n ń sunkún. Ṣé ẹ rò pé wọ́n mọ̀ pé mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀, Bọ̀dá."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Wọ́n mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àlùhámúdùlíláhì," ó sì dìde lọ dá oníbàárà kan tó ń béèrè búrọ́ọ̀ṣì lóhùn.

Mi ò sí nínú wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ò lè sọ̀rọ̀, èkejì ń pe kálímà. Mi ò mọ ohun tí Àlàájì mọ̀, kò sì sí ibi tí mo ti lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí Bọ̀dá bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni màá sọ.